Eré Sísá Gbogbo Áfíríkà ní Èkó, 1973, àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀ fún Àwa Òbí ní Hayin Dogo

  

Ìtàn àwọn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya ni a sábà máa ń kà nínú ìwé bí èyí. Ìtàn wọ̀nyẹn dára, ó sì yẹ kí á máa sọ wọ́n fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ìtàn eré sísá àti eré fífò níbi ìdíje tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà máa ń ṣe pọ̀ ni a fẹ́ sọ. Ìdí tí a fi mú un kò jìnnà. Nígbàkígbà tí àwọn ilé-ìwé tí ó yí wa ká bá ń ṣe ìdíje eré sísá wọn, tí gbogbo wa mọ̀ sí intáhaòsì, àwọn ọmọ wa a máa wà lára àwọn tí ń gba ipò kìn-ín-ní. Àwa òbí a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a sì fi owó lẹ̀ wọ́n níwájú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin, a ó ní kí ó jókòó sílé. A ó ní eré kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí á mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Ọmọ àlejò kan ní Wusasa

Láti ìtòsí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ Wusasa. Ibẹ̀ ni Bàbá wa, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, dàgbà sí. Wọn kì í ṣe ọmọ bíbí Zaria. Apá Pankshin, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Plateau lónìí, ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1934. Iṣẹ́ ìhìnrere ni ó gbé àwọn òbí wọn wá sí Wusasa. Àlejò ni wọ́n níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àlejò.

Nígbà tí wọ́n wọ Government College, Zaria, tí a ń pè ní Barewa College lónìí, àwọn ọ̀gá àti akẹgbẹ́ wọn rí i pé eré ìdárayá wà lára wọn. Àwọn ni ó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé náà, wọ́n ń fi ọ̀pá fò sókè, wọ́n ń ja ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀ ni wọ́n ti sá eré máìlì kan, tí wọ́n sì yá ju gbogbo ẹni tí ó ti sá a ṣáájú ní ilé-ìwé náà lọ. Eré yẹn kò dí wọn lọ́wọ́ ìwé, kò sì dí wọn lọ́nà ipò. Ọmọ àlejò tí ó sá máìlì ní Zaria yìí ni ó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè nígbà tí Nàìjíríà gba gbogbo Áfíríkà lálejò ní Èkó ní ọdún 1973.

Láti Brazzaville dé Surulere

Brazzaville, olú-ìlú Kóńgò, ni Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà ti kọ́kọ́ wáyé, ní oṣù keje ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà ni. Àwọn òyìnbó ti pín wa: àwọn kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń sọ Faransé, a kò sì mọ ara wa dáadáa. Ìdíje náà ni wọ́n fi ní kí àwọn ọmọ wa pàdé ara wọn lórí pápá. Níbẹ̀ ni Kipchoge Keino, ará Kẹ́ńyà, ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú eré 1,500 mítà àti 5,000 mítà. Gaoussou Koné, ará Côte d'Ivoire, sì gba ti 100 mítà àti 200 mítà.

Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, ni ó yẹ kí ó gba ìdíje kejì ní 1969. Ṣùgbọ́n àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, ètò náà sì dàrú. Bí ìdíje kejì ṣe di ti Èkó nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láyé nígbà náà, ẹ mọ ohun tí ojú Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Àwọn tí ó pàdánù ọmọ ṣì ń sunkún, àwọn tí ó sá kúrò ní Zaria àti Kaduna níhìn-ín ṣáájú ogun náà, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì padà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, àwọn ọmọ Áfíríkà tò wọ pápá ìṣeré tuntun tí ìjọba kọ́ sí Surulere. Títí di ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n fi díje. Ọmọ Nàìjíríà kan, Abraham Ordia, ni ó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ tí ń darí eré ìdárayá ní gbogbo Áfíríkà nígbà náà. Íjíbítì ni ó kó àmì ẹ̀yẹ jù, Nàìjíríà sì ṣe ipò kejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa náà borí.

Ní ọdún 1973 kan náà, ní Èkó kan náà, ni ìjọba dá Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kí àwọn ọmọ láti gbogbo ìpínlẹ̀ lè máa pàdé, kí ohun tí ogun ti fà ya lè padà so pọ̀. Kaduna wa níhìn-ín gbà á lálejò ní 1977, ó sì tún gbà á ní 2009.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pápá

Eré 1,500 mítà ni àwọn ènìyàn ń sọ jù nípa Èkó 1973. Keino ni gbogbo ayé mọ̀. Ó ti gba wúrà Òlíńpíìkì ní Mexico ní 1968, ó sì tún gba òmíràn ní Munich ní 1972, oṣù mélòó kan péré ṣáájú Èkó. Ẹni tí ó wá kò ó lójú ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan láti Tanzania, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Filbert Bayi. Bayi sá a ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 37.2, Keino sì ṣe ipò kejì. Bí ọmọdé ṣe borí àgbà nìyẹn, ojú ẹni tí ó wà ní Surulere ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1974, Bayi kan náà sá 1,500 mítà ní Christchurch, ní New Zealand, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 32.2. Kò sí ẹ̀dá kankan tí ó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ayé ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ní Èkó, wọ́n ti rí i tipẹ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ọjọ́ tí ó pé ọdún mẹ́ta géérégé tí ogun wa parí, Ben Jipcho ti Kẹ́ńyà sá eré 3,000 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà àti kòtò omi. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti àáyá 20.8 ni ó fi sá a. Iye yẹn gan-an ni ó yá jù ní gbogbo àgbáyé nígbà náà. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ Áfíríkà kan dé góńgó ayé lórí ilẹ̀ Yorùbá, níwájú àwọn ará Èkó.

Àwọn míràn kò kéré. John Akii-Bua ti Uganda, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà ní Munich, borí nínú 400 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà. Ohene Karikari ti Ghana gba 100 àti 200 mítà àwọn ọkùnrin, Alice Annum tí ó jẹ́ ará Ghana bákan náà sì gba méjèèjì ti àwọn obìnrin. Miruts Yifter ti Ethiopia gba 10,000 mítà. Ará ìlú rẹ̀, Mamo Wolde, tí ó ti gba wúrà eré ọ̀nà jíjìn márátọ́ọ̀nù ní Mexico ní 1968, tún gbà á ní Èkó.

Àwa tí a ti jókòó nídìí iṣẹ́ ìjọba fún ọdún púpọ̀ fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan. Iṣẹ́ wo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe? Akii-Bua jẹ́ ọlọ́pàá. Keino jẹ́ ọlọ́pàá. Jipcho ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bayi jẹ́ ọmọ ogun Tanzania, Wolde jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba Ethiopia, Yifter sì wà nínú ọmọ ogun òfuurufú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Eré ni ó jẹ́ kí ọ̀gá wọn mọ orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ní eré kì í ṣe iṣẹ́, kí ó bi wọ́n léèrè bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àti bí wọ́n ṣe gbéga nídìí rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí ó gba wúrà mẹ́ta

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Surulere ní oṣù náà, ti Modupe Oshikoya ni ó kàn wá jù. Ọmọ Yorùbá ni, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ó fò sókè, ó borí. Ó fò jìnnà, ó borí. Ó sá 100 mítà tí àwọn obìnrin ti ń fo igi ìdènà, ó tún borí. Wúrà mẹ́ta ni ọmọbìnrin kan kó ní ìdíje kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á ronú nípa àkókò náà. Ní 1973, ọ̀pọ̀ bàbá Yorùbá ni kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn wọ ṣòkòtò péńpé jáde síta, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó fò nínú rẹ̀ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn kan ní bí obìnrin bá ń fò báyìí, kò ní lè bímọ mọ́. A ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Hayin Dogo títí di òní olónìí. Modupe fò bẹ́ẹ̀, Áfíríkà sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ó lọ sí ìdíje Kọmọnúwẹ́ẹ̀tì ní Christchurch, níbi tí Bayi ti sá eré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Mítà 6.46 ni ó fò, ó sì gba wúrà. Ó tún gba fàdákà nínú 100 mítà orí igi ìdènà, àti idẹ nínú ìdíje aláàmì-márùn-ún. Obìnrin Nàìjíríà kankan kò tíì gba wúrà Kọmọnúwẹ́ẹ̀tì rí ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga UCLA ní Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e dé ibi ìwé.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e

Bí ojú ọ̀nà bá ti là, àwọn ẹlòmíràn a gbà á. Ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ti Nairobi ní 1987, Airat Bakare gba wúrà 400 mítà. Fatima Yusuf gbà á ní Cairo ní 1991. Ó tún gbà á ní Harare ní 1995, àáyá 49.43 sì ni ó fi sá a lọ́jọ́ náà. Obìnrin Áfíríkà kankan kò tíì sá 400 mítà láìpé àádọ́ta àáyá rí. Fatima ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ tiwa ni.

Kò pé ọdún kan tí Falilat Ogunkoya, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, fi gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì Atlanta, ní oṣù keje ọdún 1996, ó sá a ní àáyá 49.10, ó sì gba idẹ. Nàìjíríà ti ń lọ sí Òlíńpíìkì láti 1952, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà kò sí ọmọ wa kankan tí ó dá gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré sísá tàbí fífò. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun, Fatima Yusuf, Bisi Afolabi àti Charity Opara wá jùmọ̀ sá eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gba fàdákà. Ẹ wo orúkọ wọn. Yorùbá mẹ́ta àti Igbo kan ni, ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ìdíje gbogbo Áfíríkà tún padà wá sí Nàìjíríà, ní Abuja lọ́tẹ̀ yìí, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ti Èkó. Deji Aliu sá 100 mítà ní àáyá 9.95, ó sì gba wúrà. Mary Onyali gba ti àwọn obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ wà láyé nígbà náà á rántí bí a ṣe kún yíká tẹlifíṣọ̀n, bí iná mànàmáná bá jẹ́ kí a rí i wò.

Ní 2015, ìdíje náà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n sì gbé e padà sí Brazzaville níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, Tobi Amusan, ti gba wúrà 100 mítà orí igi ìdènà, eré kan náà tí Modupe gbà ní Surulere ní 1973. Ó tún gbà á ní Rabat ní 2019, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kẹta ní Accra ní oṣù kẹta ọdún 2024. Láàárín èyí, ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá a ní àáyá 12.12. Kò sí obìnrin kankan ní àgbáyé tí ó tíì sá a báyẹn rí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà ní World Athletics Championships.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́ nípa Tobi ni èyí. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ kí òun máa sáré, pé ìwé ni wọ́n fẹ́ kí òun gbájú mọ́, àti pé ìyá òun ni ó ń bo òun láṣìírí kí òun lè rí àyè lọ ṣe ìdánrawò. Bàbá náà kò burú. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni ó ń ba àwa náà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn kò bá ti ràn án lọ́wọ́, ta ni ìbá mọ orúkọ Tobi lónìí? Nígbẹ̀yìn, eré náà kò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Yunifásítì Texas ní El Paso ni ó gbé e dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé Falilat dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi.

Ọmọ wa tí wọ́n bí ní Kaduna

Àwọn kan lára wa lè sọ pé àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí dàgbà nílé, ní ìlú Yorùbá, pé ti ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi yàtọ̀. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ Sunday Bada wá.

Kaduna ni wọ́n bí Sunday Bada sí, ní ọdún 1969. Eré 400 mítà ni tirẹ̀. Ní ọdún 1997, ó gba wúrà àgbáyé nínú ìdíje abẹ́ òrùlé ní Paris. Ní Sydney ní ọdún 2000, òun, Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong jọ sá eré gbígbé-ọ̀pá, wọ́n sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kò gbà. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 2012.

Sunday Bada kò rí i. Ó ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógójì. Ẹni tí ó ti gba wúrà Òlíńpíìkì láti ọdún 2000, kò mọ̀ títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi yé wa ni pé ilẹ̀ pupa Kaduna yìí kò dí ọmọ lọ́wọ́ eré. Ibi tí a bí i sí kò pọ́n ọn lójú. Ẹni tí ó bá dá a dúró ni ó lè dí i lọ́wọ́.

Aṣọ ìpínlẹ̀ wo ni ọmọ wa yóò wọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìpàdé wa. Bí ìpínlẹ̀ tí ọmọ ń gbé bá yàn án láti lọ sá eré fún wọn, àwọn òbí kan a ní àwọn kò gbà, pé ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Kwara tàbí ọmọ Ọ̀ṣun kò gbọdọ̀ wọ aṣọ Kaduna. Àwọn míràn a máa bẹ̀rù pé bí ọmọ bá dé iwájú, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ ìlú abínibí lé e padà. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. A ti rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ àti níbi ìwé. Ṣùgbọ́n aago tí a fi ń díwọ̀n eré kò mọ ìlú abínibí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó kọ́kọ́ dé.

A sì gbọ́dọ̀ sọ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà wa níhìn-ín ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Abẹ́òkúta ni. Àwọn eléré ìdárayá àti àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Kano wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń ti ilẹ̀ Yorùbá padà sílé. Wọ́n ti la Zaria kọjá, wọ́n ti wọ ìjọba ìbílẹ̀ Kura ní Kano, ilé kù díẹ̀, ni ọkọ̀ bá já sílẹ̀ láti orí afárá kan. Ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú.

Ọ̀nà tí àwa náà ń gbà lọ sílé fún Iléyá àti Kérésìmesì ni wọ́n gbà bọ̀. Àwọn òbí wọn wà ní Kano tí wọ́n ń retí wọn, bí àwọn òbí tiwa náà ṣe máa ń retí wa ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Ọmọ Hausa lọ sílé Yorùbá lọ díje, kò sì sí ẹni tí ó lé e. Irú ohun tí wọ́n dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ fún ní 1973 nìyí. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kú nídìí iṣẹ́ tí ó ń so wá pọ̀. Ó yẹ kí á máa rántí wọn nínú àdúrà wa, kí á sì máa bẹ ìjọba kí wọ́n má ṣe máa fi ọmọ ọlọ́mọ sí ojú ọ̀nà jíjìn láìsí ìsinmi àti ọkọ̀ tí ó péye.

Kí ni kí á ṣe?

A kò sọ pé kí gbogbo ọmọ di asáré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dé Accra, wọn kò sì ní dé Kaduna pàápàá. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá mú ìwé, kí ọwọ́ òsì mú eré. Ohun tí a ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àwọn nǹkan díẹ̀ tí agbára wa ká.

Lákọ̀ọ́kọ́, bí olùkọ́ eré ìdárayá bá ránṣẹ́ pé ọmọbìnrin rẹ lè sáré, má ṣe bínú sí i. Lọ sí ilé-ìwé, bi í léèrè ibi tí wọn yóò ti ṣe ìdánrawò, aago mélòó ni wọn yóò parí, àti ta ni yóò mú àwọn ọmọ padà wálé. Bí ìdáhùn bá tẹ́ ọ lọ́rùn, jẹ́ kí ó lọ. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ bá sì ni, aṣọ tí ó bo ara wà, àwọn obìnrin Musulumi kárí ayé ń fi díje.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí ọmọ wà nílé, kí ọjọ́ orí tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó bá dín ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ kù nítorí ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ó ń dá ọmọ náà lẹ́bi lọ́jọ́ iwájú ni. Oògùn tí ó gba wúrà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọmọ ìyá irọ́ ọjọ́ orí ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ètò àjọ̀dún ọdọọdún fún eré sísá àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin. Kò ní ná wa lówó púpọ̀. Ẹfun ìlà, aago kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ẹ̀bùn ìwé kíkà fún àwọn tí ó bá borí ti tó. Kí akọ̀wé máa kọ orúkọ àti iye àáyá tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi sá eré rẹ̀, kí á lè mọ̀ bí ó bá yá sí i lọ́dún tí ń bọ̀. Kí á sì pe àwọn ọmọ aládùúgbò wa, Hausa, Igbo, àti gbogbo ẹ̀yà tí ó bá wù, kí wọ́n wá bá wọn sá a.

Pápá ìṣeré Surulere tí Bayi ti borí Keino, tí Modupe ti gba wúrà mẹ́ta, ti gbó, ó sì di ahoro fún ọdún púpọ̀ nítorí àìtọ́jú. Ìyẹn dùn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lẹ́sẹ̀ kò ní dúró de pápá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí á gbá ọwọ́ jọ lé àwọn ọmọ wa lẹ́yìn, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, kí ó má baà jẹ́ pé ilé tiwa ni ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi fún wọn ti parí.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ẹsẹ̀ wọn kò ní yẹ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ ni yóò gbé wọn bọ̀. Bí a ti ṣe é ní ọdún yìí, ẹ̀mí wa yóò ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Àṣẹ.